Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀gá Sùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ẹ kú Sábáàtì o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n dúró síwájú yín láàárọ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n, tí ojú ò sì tì mí. Ẹ bá mi sọ pé, Olúwa, o ṣeun. Ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé ẹ lè pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa ṣe é jẹ́jẹ́ lónìí. Ẹ máa mọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí. Èmi ni Ṣadé, ọmọ Tísà Ìlárá, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Ṣàgámù. Màmá kan níbí máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Dókítà, ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ẹ?" Màmá, mo gbọ́ o. Ọlọ́run ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yọ Ọlọ́run lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, rẹsídẹ́ńsì ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, gbogbo àìsàn ló ń tọ́jú, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá fẹ́ di àgbà nínú ẹyọ kan, ó gbọ́dọ̀ padà lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nílé ìwòsàn ńlá. Òun ni wọ́n ń pè ní rẹsídẹ́ńsì. Èmi, ìtọ́jú àwọn ọmọdé ló wù mí. Àbúrò mi Táyọ̀ ò tíì rìn tó fi fi wá sílẹ̀. Ibà lásán ni. Mo ṣì máa ń rí ọwọ́ ẹ̀ kékeré yẹn nígbà mìíràn tí mo bá di ojú mi.

Ilé ìwòsàn ńlá kan wà n'Íbàdàn tó ń gba àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ máa gba fọ́ọ̀mù, ẹ máa kọ ọ́, ẹ máa wá fi lẹ́tà mẹ́ta tì í, látọwọ́ àwọn dókítà àgbà mẹ́ta tí wọ́n mọ iṣẹ́ yín. Wọ́n á lẹ lẹ́tà náà pa, ẹ ò sì gbọdọ̀ kà á. Lọ́dún tó kọjá, méjì dé, ẹ̀kẹta pẹ́. Ìgbà tó fi dé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Mo sunkún débi pé màmá mi ní ṣé ẹnì kan kú fún mi ni. Lọ́dún yìí ẹ̀wẹ̀, ìdánwò tí mo ti yege kí n tó lè béèrè, ọdún tí wọ́n fi máa ń gbà á ti ń tán lọ. Tí n bá tún pàdánù, ó parí nìyẹn. Màá lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èkó, kí n máa gún abẹ́rẹ́ ní kíníìkì ẹ̀. Bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ṣadé, ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí ò wá, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ o."

Ẹ̀yin ará, bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá náà ló tún rí. Lẹ́tà méjì dé, ẹ̀kẹta ò dé. Ọwọ́ Ọ̀gá mi ló wà.

Ọ̀gá mi yìí nìkan ni dókítà àgbà tó kù sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé wa. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń lọ sí Sáúdì lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí ẹ máa gbọ́ pé lágbájá ti lọ, lọ́la ẹ máa gbọ́ pé tàmẹ̀dù náà ti di ẹrù. Òun ò lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra mi. Tó bá ti fa bírò yọ báyìí pé "Ó yá, Ṣadé, lẹ́tà ẹ," nọ́ọ̀sì á sáré wọlé pé, "Ọ̀gá, gìrì ti mú ọmọ kan!" Bírò á padà sápò. "Ṣadé, lọ́la." Lọ́la, lọ́la, títí ọ̀rọ̀ náà fi ń bá mi wọ ojú oorun.

Mo wá ń dà á rò. Ṣé kí n mú fọ́ọ̀mù lọ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, kí ẹ̀kẹta máa bọ̀ lẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe, pé ẹni tó bá tètè dé ni wọ́n ń mọ̀. Òmíràn ní kí n má dán an wò, pé fọ́ọ̀mù tí ò pé, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń jù ú sí. Mo gbààwẹ̀, mo bi Ọlọ́run. Ọlọ́run dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn, bíi bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn.

Ọ̀sán Friday ni wọ́n máa tilẹ̀kùn. Ní Wednesday, Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "Wọn ò ní jẹ́ kí n kọ ọ́ níbí láéláé. Wá bá mi nílé màmá mi ní Ìjokù, nínú Ṣàgámù níbí, láàárọ̀ ọ̀la. Kí n tó mu tíì, màá ti kọ ọ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, Sà." Inú mi dùn.

Kùtùkùtù Thursday, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà náà ń sáré bíi pé nǹkan ń lé e. Ó ní, "Antí, ẹ tètè wọlé o." Mo rò pé owó ẹ̀ ló ń wá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo títì, kò séèyàn. Ẹni tó ń ta àkàrà níkòríta ò sí. Ẹ̀rọ alọta ò dún. Mo ní, áà, àwọn ará Ìjokù yìí mà fẹ́ràn oorun o. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan ti fà mí wọlé. Màmá Ọ̀gá ni.

"Ọmọ yìí! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ṣé o ò gbọ́ pé orò wà níta lónìí?"

Yéè! Ẹ̀yin tó jẹ́ ará Ṣàgámù, ẹ ti mọ̀. Ẹ̀yin àlejò tó wá láti yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí orò bá jáde, obìnrin kankan ò gbọdọ̀ yọjú síta títí wọn ó fi ní ó tó. Ará Ìlárá ni mí, ọgbà ilé ìwòsàn ni mò ń gbé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọ̀gá náà ti gbàgbé pátápátá. Láti àárọ̀ yẹn di ìrọ̀lẹ́, mo ti di ẹrù ilé yẹn. Mi ò wá bú orò o, mi ò sì wá polówó ẹ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Mo ní kò burú, ṣebí ẹni tí mo wá bá wà nílé. Ọ̀gá bá jáde sí pálọ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n koko. Kò tíì pẹ́ tó ti wọ́ọ̀dù dé, kò fojú kan oorun. Ó ní, "Ṣadé, jẹ́ kí n kàn fẹ̀yìn ti àga yìí díẹ̀." Kí Màmá tó gbé tíì dé, Ọ̀gá ti sùn lọ. Kì í tún ṣe oorun kékeré. Ó ń hanrun.

Mo jókòó, mò ń retí. Díẹ̀ yẹn ò tán. Tíì tutù, awọ bo ojú ẹ̀. Màmá ti ti gbogbo fèrèsé, ó fa kọ́tìnì bò wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn wọlé, ó ń rọra rìn lára ògiri, láti orí fọ́tò bàbá tó ti kú dé orí kàlẹ́ńdà. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí láyé mi. Adìẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ohùn orò á dún lókèèrè, á lọ, á tún padà, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Màmá, tó ń ta obì ní Sábó, gbé agbọ̀n obì sáàárín wa, a jọ ń ṣà á, èyí tó dáa sọ́tùn-ún, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sósì. Ojú mi wà lára obì. Ọkàn mi wà lára bírò tó yọrí jáde lápò ẹ̀wù Ọ̀gá.

Nígbà tó yá, Màmá wò mí. Ó ti mọ ohun tí mo bá wá. Ó ní, "Dókítà, ṣé kí n jí i fún ẹ?"

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn! Ẹnu mi ti là láti sọ pé ẹ jọ̀ọ́ Mà. Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ Màmá. Ó ti tú ìborùn ara ẹ̀, ó fi bo ọmọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó sì ń tẹ́tí sí ìhanrun yẹn bíi pé orin ni. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Bó ṣe máa ń sùn ní kékeré nìyí."

Mo ní, "Rárá, Mà. Ẹ jẹ́ kó sùn."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni inú bí mi. Mo bínú sí ara mi, mo tiẹ̀ bínú sí Ọlọ́run díẹ̀, kó dárí jì mí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn jí Jésù nínú ọkọ̀, èmi ò lè jí Ọ̀gá mi lórí àga. Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni? Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu mi ń sọ ọ́, inú mi ò gbà. Mo sọ lọ́kàn mi pé, Olúwa, Ọ̀gá ti sùn, ìwọ má sùn o.

Kò pẹ́, ooru ilé náà gbé èmi náà lọ, obì lọ́wọ́. Mo lálàá. Mo rí ara mi ní wọ́ọ̀dù kan tó gùn, tí mi ò rí òpin ẹ̀, àwọn ọmọdé sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ súà. Ẹnì kan ò sunkún. Ẹnì kan ò wú ikọ́. Mò ń rìn láàárín wọn láìwọ bàtà, mò ń wá ohun tí mo máa ṣe, kò sí. Táyọ̀ wà níbẹ̀. Ara ẹ̀ tutù dáadáa, kò sí ibà. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe shẹ́-shẹ́-shẹ́ létí mi, mo jí.

Bírò ni. Ọ̀gá ló ń kọ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ ti pupa lára ògiri. Ìborùn Màmá wà léjìká ẹ̀, fúlísíkáàpù lásán wà lórí itan ẹ̀. Mo ní, "Sà, ṣé a ò ní tẹ̀ ẹ́ lórí ìwé ilé ìwòsàn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ bá wa tẹ̀ ẹ́? Ṣé taipíìsì wa kì í ṣe obìnrin ni? Òun náà wà nílé ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú." Ó ká a, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fún mi. Ìgbà tí wọ́n ní obìnrin lè jáde, mo gba títì lọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ní Friday mo dé ilé ìwòsàn Ìbàdàn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Akọ̀wé já lẹ́tà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Sista, kò sí orúkọ ilé ìwòsàn, kò sí òǹtẹ̀. Ṣé nínú ìwé ọmọ iléèwé lẹ ti fà á ya ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyè dókítà mi. Ó ní ó dáa, òun á fi í sínú fáìlì, kí àwọn àgbà fúnra wọn sọ ọ́ nù. Mo padà sílé, mo ní ó ti tán nìyẹn.

Wọ́n mà pè mí o! Wọ́n ní kí n wá fún intafíù!

Àwọn àgbà jókòó lọ rẹrẹ. Màmá ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà láàárín, irun ẹ̀ funfun báláú. Mo rí fúlísíkáàpù mi lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo dá a lóhùn. Ó bá gbé gíláàsì sójú, ó kà á síta:

"Dókítà yìí mọ iṣẹ́. Àwọn yòókù tó kọ̀wé sí yín náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó nílò lẹ́tà yìí jù láyé ẹ̀, ó bá mi lójú oorun. Mo gbọ́ tí ìyá mi bi í pé ṣé kí òun jí mi. Mo gbọ́ èsì tó fọ̀. Mo bá tún sùn padà. Kò sí ọmọ tí mi ò lè gbé lé e lọ́wọ́."

Màmá ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì. Ó fi Yorùbá bi mí pé, "Kí ló dé tó ò jí i?"

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo ti há sórí fò lọ. Mo ní, "Mà, ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ó ká fúlísíkáàpù náà padà. Ó ní, "Ó rẹ gbogbo wa, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ará, wọ́n gbà mí! Ọ̀sẹ̀ yìí ni ìwé ẹ̀ dé. Ọ̀gá sùn, Ẹlẹ́dàá mi ò sùn! Ilẹ̀kùn tí mo rò pé wọ́n tì mọ́ mi lójú, inú ilé tí Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tì mí mọ́. Ògo ni fún Olúwa, òun nìkan ṣoṣo.

Ó kù ẹyọ kan kí n tó jókòó. Mo bẹ Ọ̀gá mi àti Màmá ẹ̀ pé kí wọ́n wá bá mi dúpẹ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ ọjọ́ Sunday ni wọ́n. Wọ́n wá o. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkùnrin tó wọ búbá búlúù yẹn. Wọ́ọ̀dù ló ti ń bọ̀ tààrà. Ẹ má tíì wẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti dúró níbí ni Màmá ti ń juwọ́ sí mi pé kí n rẹ ohùn mi sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ yọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n halelúyà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn.