Mo Ní Omi Ló Fà Á

Òkú Bàbá Olúbáyọ̀ ti sùn ní mọ́ṣúárì kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó bá mi l'Ékòó. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́. Àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdànrè ni mò ń lọ, láti jẹ́wọ́ fún un. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́fà, n ó bì í jáde lónìí, ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ lẹ fọ́tò mi mọ́ ògiri.

Èmi Olúrónkẹ́, tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta kọ́ lọ́rùn nínú ìdíje ọkọ̀ ojú omi wíwà, Esther ọmọ Bàbá Olúbáyọ̀ ló kọ́ mi ní àjẹ̀ dídì mú lórí odò Owena. Ó yá jù mí lọ. Kóòṣì Benedict, olùkọ́ wa, sì ní ẹnì kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ máa mú. Láàárọ̀ ìdánwò, Esther bá mi gbé ọkọ̀ mi sómi, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n má ro odò bí ẹni ń roko kòkó. Bó ti yíjú, mo tú ìdérí ihò ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo kàn gbé e lé ojú ihò. Èmi tó ń pè ní àbúrò.

Ẹ̀yìn ni a ń kọ sí ibi tí à ń lọ nínú ọkọ̀ ìdíje. Ó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wá wúwo, mo kọjá rẹ̀; láti ìgbà náà, òun ni ojú mi ń wò. Mo rí i bó ti ń rì, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tìyanu-tìyanu. N ò dáwọ́ dúró. Wọ́n fà á jáde láàyè. Èmi ti gba ipò kìíní.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Aládùúrà ni Bàbá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà ìjọ wọn ní Aládé, ní Ìdànrè. "Rónkẹ́, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí lo rí?"

Mo ní, "Bàbá, omi náà kàn fà á ni."

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó sì fòfin de Esther pé kò gbọ́dọ̀ dé etídò mọ́ láyé. Ó ní omi ti kọ̀ ọ́. Ó gbà á gbọ́ títí ó fi kú.

Mo ṣì lọ sí Ìdànrè, mo bá Esther níbi tó ti ń yí kòkó nínú oòrùn. Ó ní kí n jókòó. N ò jókòó.

"Sístà mi, èmi ni mo tú ìdérí ọkọ̀ yín. Omi ò kọ̀ yín rí. Mo ti kọ̀wé sí àjọ eré ìdárayá pé kí wọ́n gba góòlù mi padà. Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá, n ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, yálà ẹ dárí jì mí tàbí ẹ ò dárí jì mí."