Irin Tó Wà Nínú Àpótí Baba Yín

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Kápẹ́ńtà, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Dókítà ti sọ tirẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró mi ti tán, kò sí oògùn tó kù. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lo ọdún mọ́kànlá, òní sì ni ọjọ́ náà. Baba yín kọ́ ló pa ìyá yín. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dìde, torí mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ mọ bí mo ṣe jẹ́ nígbà yẹn. Dókítà Stíárìn ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà ju oúnjẹ lọ. Baba yín gbé píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó pákó wá, ó ní, “Àbúrò, bá mi mú ọkọ̀ yìí wálẹ̀ díẹ̀. Orúnkún ìyàwó mi ò gba gígùn mọ́. Bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, àfi kí n gbé e bí àpò sìmẹ́ńtì.” Ìyá yín tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Má dá a lóhùn o! Òun gan-an ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gbé mi tán.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gé sípíríǹgì, mo mú ọkọ̀ náà wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ìyá yín fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, mo ti padà di ọmọge!”

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi padà wá. Baba yín ní, “Àbúrò, ọkọ̀ yìí ń bá mi du stíárìn. Bí mo bá bọ́ sí kòtò kékeré, á kàn yà sọ́tùn-ún láìbéèrè lọ́wọ́ mi.” Mo mọ ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ tán, àwọn irin tó so stíárìn mọ́ táyà iwájú kì í dọ́gba mọ́; gbogbo ìgbà tí táyà bá fò ni wọ́n á máa fà á. Apá irin kan wà nídìí táyà tó yẹ kí n pààrọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó bá wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyẹn máa gbà kó tó dé. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọbìnrin, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyá yín sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, aṣọ ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Mo ní, “Màmá, kó tó di ọ̀sán, mo ti parí ẹ̀.” Ẹnu mi ló máa ń ṣáájú ọwọ́ mi.

Mo tan iná gáàsì, mo jó apá irin náà títí ó fi pọ́n, mo fi hámà tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Ìyẹn nìkan ti burú tó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sì ti kìlọ̀ fún mi: “Irin tó bá pọ́n, jẹ́ kó fúnra ẹ̀ tutù nínú eérú títí di ọjọ́ kejì. Bí o bá da omi sí i, á le lóòótọ́, àmọ́ á fọ́ bí àwo.” Mo wo aago, mo wo ìyá yín. Mo da omi sí i. Èéfín bò mí lójú. Mo dè é padà, stíárìn tọ́, baba yín gbá mi mọ́ra. Ìyá yín ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ o, mo ṣe àmín!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà kọlu ògiri ní kọ́nà mọ́ baba yín lọ́wọ́, ìyá yín kú lójú ẹsẹ̀. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Apá irin náà ti dá sí méjì, ojú ibi tó ti dá funfun bí iyọ̀. Kò sí mẹkáníìkì tó máa rí i tí kò ní mọ̀. Kí ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò tó dé, mo ti wá ògbólógbòó kan dè sípò rẹ̀, mo sì kó èyí tó dá pamọ́. Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ṣe stíárìn, mo tún fọwọ́ sí ìwé. Orúkọ rere ni mo ń dáàbò bò. Ẹ wo orúkọ!

Ìyẹn náà kọ́ ló burú jù. Ẹ rántí ọjọ́ tí a jókòó ní pálọ̀ yín, tí baba yín fi aṣọ gbé ọwọ́ tó dá kọ́ ọrùn. Ó ní, “Stíárìn ṣófo lọ́wọ́ mi. Mo yí i, kò sí nǹkan níbẹ̀.” Ìwọ, àkọ́bí, yíjú sí mi: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ òtítọ́ fún wa.” Baba yín ń wo ẹnu mi bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Mo ní, “Ẹ̀rù máa ń mú èèyàn rò bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀.” O dìde, o kọjú sí baba yín, o ní, “Ẹ pa ìyá mi tán, ẹ tún ń parọ́ mọ́ ọkọ̀!” O kò wọ ilé náà mọ́ títí tó fi kú. Ìwọ, ọmọbìnrin, o kò jẹ́ kó gbé ọmọ rẹ rí.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí baba yín ti wọ ilẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mi ò lè bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, torí ẹni tó ni ìdáríjì náà kò sí níbí. Ẹ kàn bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé bàbá àgbà rẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Ẹ má sunkún sí mi lọ́rùn, mi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń sunkún sí.

Ẹ fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí jáde. Irin náà wà nínú rẹ̀, mo wé e sínú àkísà. Baba yín ló kan àpótí náà fún mi lọ́dún kejì ikú ìyá yín. Ó ní, “Gbogbo wọn ń wò mí bí apànìyàn, àfi ìwọ tí o ṣì ń wá kí mi.” Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀, kò sí ibi tó yẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí àpótí kékeré. Ó ní, “Gúlúù ni mo jẹ́ kó fúnra ẹ̀ gbẹ, àbúrò. Ta ló ń dúró dè mí?”