Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹmọ́ Òyìnbó Tí Dàpọ̀ Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ọpẹ́ ni mo mú wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gbọ́ ẹkún tí ènìyàn kò tíì sun jáde. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Festac, n kò tíì di máíkì ìjọ yìí mú rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, àìmoore ni yóò jẹ́.

Ẹ̀rí mi dá lórí ìyá ọkọ mi, Màmá Ìkirun, tí wọ́n jókòó sí ìlà kejì yẹn. Ẹranko kékeré kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra rẹ́rìn-ín, nítorí ikú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi ní àbúrò kan ṣoṣo. Dàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Màmá kí n tó pe orúkọ yẹn níhìn-ín, torí pé ìyàwó ilé ni mí. Praimárì ló wà nígbà tí mo wọlé ọkọ, síbẹ̀ "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé títí tó fi wọ yunifásítì. Láti ibẹ̀ ló ti mú ẹranko kan wálé, èyí tí òyìnbó ń pè ní ginipíìgì. Àwa ń pè é ní ẹmọ́ òyìnbó. Kò ní ìrù, ó rí roboto bí búrẹ́dì kékeré, ara rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan dúdú. Abo ni. Dàpọ̀ sọ ọ́ ní Sìsí.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà mú Dàpọ̀, ó sì kú. Kò láya, kò bímọ. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í rí sàréè ọmọ. Nígbà tí Màmá fi máa dé láti Ìkirun, wọ́n ti ń sin ín lọ́wọ́. Ọkọ mi ló wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá, ó dì wọ́n mú kí wọ́n má baà jáde. Àwọn àgbà ẹbí sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Dàpọ̀ létí Màmá mọ́. Gbogbo wa gbọ́ràn.

Màmá kò sọkún. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àgò Sìsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò jẹun, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbẹ. Ọjọ́ kan ni mo rí wọn tí wọ́n ń fún Sìsí ní ewé ọ̀dùnkún. Bí ó ti ń jẹ ẹ́, Màmá náà mu ògì díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Sìsí bá jẹ, Màmá á jẹ. Bí Sìsí ò bá jẹ, ilẹ̀ á ṣú bá Màmá láìjẹ. Èmi ni mò ń lọ já koríko lẹ́bàá kánààlì, mo sì ń já a bí ẹni tó ń wá oògùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, inú Sìsí bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Àlhájà tó ń ta próvísàn ní ẹnu òpópó wa ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo:

"Ìyá àgbà! Ẹ kú oríire o! Ẹranko yín ti lóyún!"

"Tún un sọ," ni Màmá wí.

"Oyún ni, Ìyá. Ẹ wo bí inú ẹ̀ ṣe yọ. Á sọ̀ ọ́ láyọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n tètè ya mílíìkì ìsọmọlórúkọ sọ́tọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Tọ́lá, ṣé o gbọ́? Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó fi nǹkan sílẹ̀ fún mi."

Haa! Ẹ̀yin ará! Mo mọ̀ pé kò sí akọ nínú ilé wa, Sìsí kò sì kúrò nílé láti ẹ̀ẹ̀rùn. Mo sì rí i pé irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń re, ojú kan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń jẹ ẹ̀wà! Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ wá kí wa nígbà náà, ẹ gbàdúrà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Èmi náà ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí Sìsí kò fi jẹ koríko mọ́. Màmá ní bí aboyún ti ń ṣe nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé mò ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Mo tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ẹran kan ní Amúwo. Dókítà náà fi ìka tẹ inú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Mo kan nǹkan kan tó le roboto bí àgbálùmọ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, kì í ṣe oyún," ló sọ. "Mo fura sí sísìtì, àpò omi tó máa ń hù níbi tí ẹyin ọmọ wà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi wo inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ nǹkan tó burú ju omi lọ. Màá fi abẹ́rẹ́ fà á kí n tó mọ̀."

"Ṣé kò ní kú?"

"Ìpayà lè pa á lórí tábìlì. Ẹni tó mọ̀ dáadáa ni kó dì í mú. Ẹ mú ẹni náà wá lọ́la."

Ẹni náà, Màmá ni.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "A ò gbọdọ̀ sọ fún Màmá. Wọ́n ń ta irú ẹ̀ ní Agboju. Jẹ́ ká ra èyí tó lóyún lóòótọ́."

"Dádì Tọ́lá, Màmá mọ gbogbo àmì ara rẹ̀."

"Tó bá wá kú ńkọ́? Ṣé ìwọ lo fẹ́ túfọ̀ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì?"

Mo wọ kíṣìnnì, mo di etí ìkòkò mú, mo gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, bí Sìsí bá lọ, Màmá á tẹ̀ lé e. Bí mo bá parọ́, Màmá á mọ̀. Fún mi ní ẹnu." Mi ò rí ìran. Mi ò gbọ́ ohùn. Ìbẹ̀rù ló kàn fi mí sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. "Màmá, kì í ṣe oyún. Dókítà fura pé àpò omi ni. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fà á. Sìsí lè yè, ó sì lè má yè."

Wọ́n bi mí léèrè: "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

"Nígbà tí ọmọ mi ń ṣàìsàn, wọ́n ní ó ń ṣèdánwò. Nígbà tó kú, wọ́n ní ó ń ṣàìsàn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi kí nǹkan tó tán." Wọ́n na ọwọ́. "Bá mi mú gèlè mi wá."

Ọkọ mi ló fi mọ́tò gbé wa lọ. Nígbà tí dókítà gbé abẹ́rẹ́, ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú."

Màmá kò gbójú sókè. "Adéyẹmí, lọ́jọ́sí, èmi lo dì mú. Lónìí, fi mí sílẹ̀ kí n di tèmi mú."

Ọkọ mi fara ti ògiri. Abẹ́rẹ́ wọlé. Sìsí han, ohùn rẹ̀ tinrín bíi fèrè. Màmá tẹ orí ba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: "Pẹ̀lẹ́, Dàpọ̀. Pẹ̀lẹ́, Àjàní mi. Ìyá rẹ wà níbí. Mo ti dé, Dàpọ̀." Ẹkún tó jáde lẹ́nu wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, òun náà ń sunkún bí ọmọdé. Dókítà kò dáwọ́ dúró. Omi ń wọ inú abẹ́rẹ́ náà, ó mọ́ bí omi àgbọn. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, omi náà ni.

"Omi ni," ló sọ. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ dì í mú dáadáa."

Olúwa, mo dúpẹ́! Sìsí kò kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ewé. Ṣùgbọ́n Màmá ti jẹun kí ó tó jẹ. Àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n pe ọkọ mi jókòó, wọ́n ní, "Sọ bí ọjọ́ tó kú ti rí fún mi, má yọ nǹkan kan sílẹ̀." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n béèrè, wọ́n tún sunkún. Wọ́n wá bu ẹ̀bà.

N kò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Dókítà ti sọ pé omi náà lè tún kún, a ṣì ń ṣọ́ ọ. Màmá mọ̀. Wọ́n ní bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àwọn á dì í mú nígbà náà pẹ̀lú. Oúnjẹ wọn kò sí lọ́wọ́ Sìsí mọ́. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi nìyẹn: mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹranko, ó dá ìyá padà fún wa.

Ẹ bá mi fi ògo fún un. Ẹ bá ilé wa yọ̀. Bí ìsìn bá parí, ẹ wá kí Màmá. Ẹ má kàn sọ pé ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ wọn, tí ẹ jọ kọrin nínú kúáyà, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹ ní, "Ìyá Dàpọ̀, ẹ káàárọ̀." Wọn á dáhùn.