Ohun Tí Mo Ń Bọ́ Nínú Ìgò

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìròyìn wá pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú, ojú mi wà lórí maikirosikóòpù, ara rẹ̀ ni mo sì ń wò. Ó wà láàyè níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi kẹ́dùn, tí ẹ ní mo tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tí n kò sọ fún yín. Ó ti pẹ́ jù nínú mi.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò, ní yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí ara gbogbo wa fi kóra jọ. Omi pupa ni oúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, á di yẹ́lò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé kókó jẹjẹrẹ kúrò lára rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò, ìwọ lo mọ ibẹ̀. Gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ wọn, sun ún, kí o sì dúró tì í títí yóò fi jóná tán. N kò fẹ́ kó pẹ́ láyé jù mí lọ." Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó wo ẹ̀wù iṣẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ tó ń rí ohun tí ojú lásán ò rí, o ò rí i pé bọ́tìnnì rẹ ti já!"

Dókítà mú díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó kó ìyókù fún mi. Bí mo ṣe ń gbé e lọ síbi ààrò, ọkàn mi ń béèrè: àṣẹ wo ni nǹkan yìí kọ̀ láti gbọ́? Nítorí sẹ́ẹ̀lì tó dáa máa ń gbọ́ràn. Kí ọ̀kan tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ dàgbà, kó da ìlànà tó wà nínú rẹ̀ kọ, kó sì yẹ ẹ́ wò. Ó ní àwọn tó dà bí oníbodè lójú ọ̀nà. Tí àṣìṣe bá wà, wọ́n á ní, "Dúró, tún un ṣe." Tí kò bá ṣeé tún ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á pa ara rẹ̀, kí ilé má baà bàjẹ́. Nínú ìgò pàápàá, tó bá ti fara kan aládùúgbò rẹ̀, á dúró. Mo ti ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi rí. Ó ní, "Bí aṣọ náà ni. Ẹni tí kò bá tún un wọ̀n kó tó gé e, á ba aṣọ aláṣọ jẹ́."

Ìwádìí ló tàn mí. Rárá o, kí n má purọ́ mọ́: èmi ni mo tan ara mi. Mo gé díẹ̀ pa mọ́. Ọkùnrin tó ń sun ìdọ̀tí, tí a ń pè ní Eléérú, yẹ ìdì náà wò. "Ọ̀gá, èyí mà kéré o. Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" "Sun èyí tí o rí." "Kò sóhun tó kàn mí," ló wí. N kò tilẹ̀ dúró.

Mo fi èyí tí mo pa mọ́ sínú ìgò, mo ń bọ́ ọ. Háà, wọ́n pọ̀! Wọ́n fara kan ara wọn, wọn ò dúró. Ńṣe ni wọ́n ń gun orí ara wọn. Oníbodè ti sùn. Mo rí àwọn okùn tí ìlànà náà wà lára wọn, tó tò sí àárín sẹ́ẹ̀lì kan, tó pín sọ́tùn-ún sósì, mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń rù lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó burú jù nìyí. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ: "Ṣé o dúró tì í?" "Mo dúró tì í." "Ó jóná tán?" "Ó jóná tán." Ó ní, "O ṣeun, ọmọ ìyá mi," ó sì sùn fọnfọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣì ń bọ́ wọn. Nígbà tí Màámi wá wò mí níbi iṣẹ́, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Wọ́n fojú sí maikirosikóòpù. "Ṣé òun rèé?" "Rárá, Màámi. Ohun tó pa á ni." Wọ́n gbójú sókè. "Kí ló wá dé tí o fi ń fún un lóúnjẹ?"

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ máa wádìí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara. Ká ní mo béèrè ni, bóyá ẹ̀gbọ́n mi ì bá ní, "Wò ó dáadáa, kí o wá sọ fún mi." N kò ní mọ̀ láéláé.

Èmi àti Màámi la jọ gbé ìgò náà lọ bá Eléérú. A dúró tì í títí ó fi jóná tán. Nígbà tí mo délé, mo mú abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo rán bọ́tìnnì náà padà. Mo fa òwú rẹ̀ wò, mo so ó, mo gé e.