Bọ́tìnnì Tí Mo Yà Sínú Àwòrán

Ẹ gbé àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀, èémí mi náà sì ti ń sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò fẹ́ gbé wọ ilẹ̀ lọ. Ìwọ àkọ́bí mi, mú bíírò, kó o máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má tún un ṣe o. Bí mo bá pe ara mi ní òpùrọ́, òpùrọ́ ni kó o kọ.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi tọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ìlọṣọ kan wà níbẹ̀ tó gùn ju yàrá yìí lọ, rólà gbígbóná méjì ló ń yí lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan máa ń jókòó sínú yàrá onígíláàsì lókè, òun ló ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ náà. Àǹtí Gíláàsì ni gbogbo wa ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ti aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní òun ò fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà máa rí bíi fọ́ọ̀mù báńkì mọ́. Ó fẹ́ àwòrán tó ń rìn: ẹ̀rọ tó ń yí, èéfín omi gbígbóná tó ń rú, ọkùnrin kékeré kan tó kọ ẹ̀yìn sí wa tó ń ti aṣọ bọ̀ ọ́. Inú àwòrán yẹn gan-an ló sì fẹ́ kí àwọn bọ́tìnnì wà, lára ẹ̀rọ tí kálukú wọn ń darí, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ń kó wọn sí. Mo yà á. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Kátúùnù, orí mi sì ń wú.

Ibi tó ti le ni pé àwòrán ń rìn, bọ́tìnnì gidi ò fẹ́ rìn. Tí mo bá gbé e sórí àwòrán, á máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Mo bá a jà títí ó fi gbà. Àmọ́ ìran kan ṣẹ́ kù, ìran ewu. Bí nǹkan bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo àwòrán á pọ́n, á sì máa gbọ̀n. Nínú gbígbọ̀n yẹn, bọ́tìnnì DÚRÓ ń pòórá, ó ń padà wá. Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kátúùnù, ṣé ìwin lo fi sínú ẹ̀ ni? Ọjọ́ Ẹtì làwọn àlejò ń bọ̀ wá wò ó o."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yọ bọ́tìnnì gidi kúrò nínú ìran ewu, mo ya àwòrán bọ́tìnnì síbẹ̀. Àwọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á wọlẹ̀, á sì yọ padà. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹ̀rọ. Mo ní tó bá di Ọjọ́ Ajé, màá fi gidi sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ Ajé dé, ọ̀gá fún mi níṣẹ́ míì, mo gbàgbé. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé. Mo rántí lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn sú mi láti ṣe é ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, aṣọ ibùsùn kan wé mọ́ ọwọ́ àbúrò Àǹtí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára ògiri nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré ni Àǹtí máa sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Kò lọ, torí DÚRÓ wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí i tó wọlẹ̀. Ká ní kò wọlẹ̀ ni, ì bá ti sáré. Kọ ìyẹn dáadáa, ọmọ mi. Wíwọlẹ̀ yẹn, tí mo fi odindi wákàtí mẹ́rin tún ṣe kó lè dùn ún wò, òun ló dá a dúró sórí àga. Kí wọ́n tó pa iná gbogbo ilé náà, ọkùnrin yẹn ti kú.

Wọ́n ní kí n wá yẹ kọ̀ǹpútà wò. Mo ti mọ̀ kí n tó jókòó. Fáìlì kékeré kan wà tí àwòrán náà máa ń kọ ìgbà tí nǹkan bá há àti ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì sí. Mo ṣí i, mo kà á, mo pa á rẹ́. Mo wá fi bọ́tìnnì gidi sínú ìran ewu. Kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, àbí?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, sà. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ni mo nà sílẹ̀ fún wọn.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Gíláàsì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kò tẹ DÚRÓ. Ó gbé ìka rẹ̀ kan lé orí tábìlì mi, ó ń wò ó bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. "Kátúùnù," ó ní, "ìjà kọ́ ni mo bá wá. Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Ó ń ṣe mí bíi pé mo tẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, ṣé mo tẹ̀ ẹ́, àbí mi ò tẹ̀ ẹ́?" Ǹ bá sọ òótọ́ fún un nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn á rò pé òun ṣe ohun tóun ò ṣe." Ó gbà mí gbọ́. Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo pa á." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí àwòrán náà, DÚRÓ wọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọwọ́ mi ò sí lórí máòsì. Ó yọ, ó tún wọlẹ̀. Mo fa wáyà máòsì yọ, kò dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kékeré tí mo yà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dúró bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. Mo fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí n ti ya bọ́tìnnì láti ìgbà náà, á dọjọ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ láìsí ọwọ́. Ìyá yín rí i lẹ́ẹ̀kan tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ta ló ń tẹ nǹkan yẹn?" Mo ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kò sì wọ yàrá iṣẹ́ mi mọ́ títí dòní. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń ka iye ìgbà tó wọlẹ̀ kó tó sinmi. Iye kan náà ni, iye tí mo rí nínú fáìlì. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kékeré yẹn hàn nínú iṣẹ́ tí mi ò yà á sí, ó sì kọjú sí mi. Mi ò ya ojú fún un rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ya àwòrán iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe. Mo ti bẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Àǹtí Gíláàsì ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kí ẹ gbé ìwé yìí lọ. Mo gbọ́ pé láti gbogbo ọdún yìí wá, kì í fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì iná yàrá rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ kà á sí i létí.

Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín. Ìgbà mọ́kàndínlógójì lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ti tẹ àkọ́kọ́ kí ẹ̀rọ tó fa ọwọ́ àbúrò yín dé ìgbúnwọ́. Ẹ ò pẹ́ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mo gbà, ẹ máa bínú sí mi lọ. Àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tẹ̀ ẹ́.