Èmi Ni Mo Pe Ọmọ Mi Ní Olè

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ta ko ọlọ́pàá kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Olórí àwọn zémijan, àwọn ọlọ́kadà, ni mí ní gáréèjì kan ní Pobè. Ẹni tí mo bá ká tramadọ́ọ̀lù mọ́ lọ́wọ́, lílé ni mo ń lé e. Mo sì máa ń fọ́nnu pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nílé tèmi.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá wa bí wọn yóò ṣe máa ṣe ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá dà lórí rú, wọ́n pe àwa olórí gáréèjì síbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tí ó ti lò ó. Èmi náà ni mo yọjú. Mo pariwo, mo ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá kan rọra fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, ó gbé orí mi lé apá rẹ̀.

Ó ní, "Baba, ẹ má bẹ̀rù. Kí lẹ mu?"

Wọ́n bẹ̀ wá pé bó bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, ká pè wọ́n, ká má sì fi ohun tí ẹni náà mu pamọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ mi wálé láti Sakété, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ jíjó irin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ń fọ́ àwo, ó yọ àdá. Mo rí páálí oògùn náà lórí ẹní rẹ̀. Mo fi fóònù pe kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá wa, ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tó gbé orí mi lápá lọ́jọ́ yẹn náà ló gbé ìpè mi.

Ó ní, "Baba, ṣé ẹni náà ti lo nǹkan ni?"

Ìtìjú bò mí. Mo ní, "Rárá o. Olè ni." Mo rò pé wọn yóò kàn mú un lọ ni, tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, n ó yọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, bí wọ́n ṣe ń mú olè ni wọ́n ṣe mú un. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, wọ́n lọ́ apá rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ró. Ìyá rẹ̀ figbe ta, "Ọmọ mi ni! Ẹ má pa á!"

Ọlọ́pàá náà yíjú sí mi. "Baba, ṣebí olè lẹ ní!"

Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ. Ìyá rẹ̀ ti mú páálí náà lọ́wọ́, kò tún sí àṣírí kankan mọ́. Síbẹ̀ mo là á mọ́lẹ̀ pé, "Irọ́ ni! Mo sọ fún ọ pé oògùn ló lò." Èmi àgbà ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n ti dá ọlọ́pàá náà, ọmọ ọlọ́mọ, dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ mi ti jáwọ́ nínú oògùn, àmọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ kò nà mọ́, kò lè jó irin. Èmi ni mo ń bá a de bọ́tìnnì láràárọ̀. Lánàá, bí mo ṣe ń dè é, ó ní, "Baba, ẹ ṣé tí ẹ ò tijú mi lọ́jọ́ náà, tí ẹ sọ fún wọn pé oògùn ni mo lò."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un?