Rédà Tó Ń Rí Ọ̀nà Jíjìn

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí ilé ò tíì kún Ìbàfò báyìí… ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò yé èmi alára títí dòní.

Bàbá bàbá yín ní àbúrò kan lókè òkun. Akọ̀wé ni mo ń pè é, ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. Iṣẹ́ rédà ló ń ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn lójú òkun. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tó wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ọkọ mi jókòó, ó ń súre fún un. Bó ṣe yẹ náà nìyẹn, àbí? Ẹ̀gbọ́n kì í dìde fún àbúrò. Àmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi ti wú, kò lè dìde! Ó fi aṣọ òfì bò ó, nínú ooru yẹn… Ó ti kìlọ̀ fún mi: "Ìyá Ṣèyí, má sọ fún un o. Tó bá gbọ́, kò ní padà síbi iṣẹ́ mọ́."

Ni Akọ̀wé bá ń ṣàlàyé. Ó ní ayé rí roboto, ojú kì í rí ohun tó ti kọjá ibi tó ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n á wá rán ìgbì bíi ti rédíò sókè, á lu nǹkan lójú ọ̀run bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lu àjà, á bọ́ sórí òkun lọ́nà jíjìn, á kan ọkọ̀ ojú omi, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì gba ọ̀nà tó bá lọ padà wálé.

Mo ní, "Àjà wo ló wà lójú ọ̀run?"

Ó ní oòrùn ló ń sọ afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún dà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i?

Ọkọ mi ní, "Ohun tó wà nítòsí ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Kì í rí i, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ń fò ó ni. Ohun tí ò bá sì mira, àárín ìgbì òkun ló ń sọnù sí. Èyí tó bá ń rìn la máa ń dá mọ̀."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Kò mira lórí àga rẹ̀.

Ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo sìn ín dé márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn dé ẹnu mi… mo gbé e mì. Kò pẹ́ rárá, ọkọ mi kú. Akọ̀wé ń sunkún lórí fóònù: "Ìyàwó wa, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í! Báwo ni mi ò ṣe rí i?"

Ṣé ẹ̀bi tèmi ni? Àbí ti ọkọ mi? Mi ò mọ̀ o. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin ti òde òní, fóònù tó ń gbé ojú èèyàn wá lẹ ní. Ẹ ó jókòó síwájú rẹ̀, ẹ ó ní, "Màmá, dáadáa la wà." Ẹ má jókòó fún mi mọ́. Ẹ dìde, ẹ rìn, kí n rí yín.